Àkísà Tó Di Owó: Ìtàn Iṣẹ́ Abẹ́rẹ́ Ọwọ́ Àwọn Ìyá Wa

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

  

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ẹgbẹ́ máa dìbò lé lórí, òun ló jẹ́ kí n kọ ìtàn yìí. Àwọn kan nínú wa, pàápàá àwọn ọmọ wa obìnrin tó kọ́ṣẹ́ telọ, ń fi ègé aṣọ Ańkárá tó ń ṣẹ́kù lábẹ́ tébù rán báàgì, abẹ̀bẹ̀, ìrọ̀rí, fìlà àti sílípáàsì. Wọ́n tún ń tú jíǹsì tó ti gbó, wọ́n ń sọ ọ́ di àpò ìkówèé. Wọ́n ń kó o lọ sí ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ l'Abẹ́òkúta àti l'Ékòó. Wọ́n wá ní kí ẹgbẹ́ máa yá àwọn lówó bó ṣe ń yá olóbì, onígàrí àti aláṣọ. Àwọn kan fara mọ́ ọn. Àwọn mìíràn ní owó ẹgbẹ́ kì í ṣe fún eré ọmọdé, pé àkísà ò lè dúró fún ẹ̀yáwó.

Èmi ò ní sọ bí ẹ ó ṣe dìbò. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn ìyá wa ti ṣe iṣẹ́ yìí rí, wọ́n ti là nídìí ẹ̀, wọ́n ti jẹ gbèsè nídìí ẹ̀, wọ́n sì ti tìtorí ẹ̀ bá ọba àti òyìnbó fa ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí wọ́n gbé yege àti ibi tó ti wọ́ wọn.

ÀKÍSÀ KÌ Í ṢE OHUN ÌTÌJÚ

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó pa òwe yìí mọ ohun tó ń sọ. Láyé ìgbà náà, aṣọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà lónìí kó sọ nù lọ́la. Kí kíjìpá kan tó dé ara èèyàn, wọ́n á ti gbin òwú, wọ́n á ka á, wọ́n á yọ kóró inú ẹ̀, wọ́n á ran án, wọ́n á pa á láró, kí wọ́n tó gbé e sórí òfì. Aṣọ tó jẹ́ iṣẹ́ oṣù bíi mélòó kan, ta ni yóò gbé e sọ sí ààtàn nítorí pé ó ṣá?

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tiwa níbí, obìnrin ló ń hun irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lórí òfì ìnàró tí wọ́n ń gbé ti ògiri nínú ilé. Àwọn ló ń hun ìtagbè tí àwọn Òṣùgbó ń gbé kọ́ èjìká, tó ní iṣẹ́ ọnà àti ṣàkì lára. Aṣọ Ìjẹ̀bú rìn jìnnà ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ. Ọkùnrin òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ òkun, John Adams, tẹ ìwé kan jáde ní 1823. Ó sọ nínú ẹ̀ pé àwọn Potogí ń ra aṣọ Ìjẹ̀bú lọ sí Brazil, àti pé àwọn èèyàn dúdú tó wà níbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ẹ ò rí i pé nígbà tí kò sí mọ́tò, tí kò sí tẹlifóònù, iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin tó jókòó sẹ́yìnkùlé ti kọjá òkun.

Ti egúngún náà ń kọ́? Ẹ wo ẹ̀kú egúngún tó bá jáde ní Rẹ́mọ. Aṣọ lórí aṣọ ni, ègé lára ègé. Òmíràn jẹ́ aṣọ òkè, òmíràn jẹ́ àrán, òmíràn jẹ́ aṣọ òyìnbó aláràbarà. Bí ọdún ṣe ń yí ni ìdílé ń fi tuntun kún àtijọ́. Obìnrin òyìnbó kan, Marilyn Houlberg, fi egúngún Rẹ́mọ wa kọ̀wé ní 1978, ìwé náà sì dé ọwọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé káàkiri ayé. Ohun tí àwọn kan ń pè ní àkísà, àwọn baba wa ni wọ́n fi ṣe ẹ̀wù ará ọ̀run. Ègé aṣọ kì í ṣe pàǹtírí nílẹ̀ wa. Bí wọ́n bá ṣe tò ó ló ń sọ iye tó jẹ́.

INÚ AṢỌ TÓ ṢÁ LÀDÌRẸ TI JÁDE

Àdìrẹ ló wá sọ irú iṣẹ́ yìí di òwò ńlá. Orúkọ ẹ̀ ti sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: a dì í, a rẹ ẹ́. Àwọn tó kọ ìtàn ẹ̀ sọ pé, níbẹ̀rẹ̀, aṣọ híhun tó ti ṣá ni àwọn obìnrin máa ń dì tí wọ́n á tún rẹ sínú aró, kó lè padà di tuntun. Kí aṣọ òyìnbó tó pọ̀ lọ́jà nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé àtúnṣe ohun àtijọ́ kì í ṣe òwò, kó rántí pé ibẹ̀ gan-an ni òwò àdìrẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó máa fi di ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún tó parí sí 1900, Abẹ́òkúta ti di olú ilé àdìrẹ. Aṣọ funfun láti Manchester ti ń wọlé, kò wọ́n, ojú ẹ̀ sì tẹ́jú dáadáa fún iṣẹ́ ọnà. Ọkọ̀ ojú irin tún dé, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901, ẹrù wá ń lọ sí Èkó wẹ́rẹ́. Àwọn ará Abẹ́òkúta ń sọ pé ìdílé Jojola ní Kẹ́mta, ìdílé Ìyálóde Miniya Jojolola, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mú iṣẹ́ náà dání gírígírí.

Oríṣi mẹ́ta ló gbajúmọ̀. Èyí tí wọ́n ń fi ikò dì ni àdìrẹ oníkò. Èyí tí wọ́n ń fi lẹ́ẹ̀kọ ya, ìyẹn lẹ́ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi álọ́ọ̀mù sè, tí wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ kọ iṣẹ́ ọnà sára aṣọ, ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Èyí tó kan ọ̀rọ̀ tiwa jù ni àdìrẹ alábẹ́rẹ́. Obìnrin á jókòó, á ká aṣọ ní ìṣẹ́po, á fi abẹ́rẹ́ ran án létòlétò. Ibi tí òwú bá ti fún, aró ò ní wọbẹ̀. Tí wọ́n bá rẹ ẹ́ tán, tó gbẹ, wọ́n á wá fi abẹ tú òwú náà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Bí abẹ bá yẹ̀ díẹ̀, aṣọ ya nìyẹn, gbogbo iṣẹ́ ti ṣòfò. Ìran tiwa ni, ìrán abẹ́rẹ́ ni, kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ni àwọn ọkùnrin wá ń fi máṣíìnì ran án.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kí iṣẹ́ ọnà ẹlẹ́kọ máa yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwòrán sára páànù, wọ́n á gbé páànù náà lé aṣọ, wọ́n á fi lẹ́ẹ̀kọ ra á lójú. Páànù wo? Èyí tó fẹ́lẹ́ tó máa ń wà nínú àpótí tíì àti àpótí sìgá tí òyìnbó kó wá. Tíì ti tán, sìgá ti tán, àpótí ti di pàǹtírí. Àwọn ará Abẹ́òkúta gé inú ẹ̀, wọ́n fi í pa owó. Ọgbọ́n tí àwọn ọmọ wa ń dá lónìí, ó ti wà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

OWÓ DÉ, SÓÓDÀ TẸ̀ LÉ E

Láàárín 1910 sí 1930, àdìrẹ pa owó. Àwọn oníbàárà wá láti Senegal, wọ́n wá láti Gold Coast tó di Gánà lónìí, wọ́n wá láti Sàró. Obìnrin tí kò ka ìwé kankan ń kọ́lé. Àwọn aláró, àwọn aládìrẹ, àwọn tó ń gún èlú, àwọn tó ń jó igi kí wọ́n lè rí eérú tí wọ́n á fi ṣe aró, oníkálukú ló ń rí tiẹ̀ níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ìdí ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gba aṣọ funfun láwìn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ òyìnbó. Nígbà tí ọjà bá gbóná, àwìn dùn. Nígbà tí ọjà ayé já wálẹ̀ ní nǹkan bí 1920 sí 1921, tó tún já lẹ́yìn 1929, oníbàárà ò wá mọ́ bí i tàtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n gbèsè ò já wálẹ̀. Òyìnbó ń bèèrè owó ẹ̀. Ẹni tó ń fi owó ẹlòmíràn ṣòwò láìní àpò tiẹ̀, afẹ́fẹ́ àkọ́kọ́ ló máa gbé e.

Ibẹ̀ ni sóódà ti wọlé. Aró àtijọ́ kì í yá. Wọ́n á gún ewé èlú, wọ́n á mọ ọ́n ní ìṣù, wọ́n á sá a gbẹ. Wọ́n á sẹ́ omi eérú nínú ìkòkò tó ní ihò nídìí. Wọ́n á da méjèèjì pọ̀, aró á máa dẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Wọ́n á rẹ aṣọ, wọ́n á yọ ọ́ síta kó fẹ́ afẹ́fẹ́, wọ́n á tún rẹ ẹ́, títí tó máa fi dúdú. Ìyá Màpó, òrìṣà àwọn aláró, kì í fẹ́ ìkánjú. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì ti ń ta aró oyìnbó tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe láti 1897. Tí èèyàn bá fi sóódà sí i, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ di iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tó mọ ìwọ̀n ẹ̀ rí i lò. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n da á pọ̀ jù, aṣọ bà jẹ́, ó ń gbó kíákíá, aró ń ṣí. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbá, lábẹ́ Aláké Ladapo Ademola Kejì, fòfin de sóódà àti aró òyìnbó. Ọ̀rọ̀ di wàhálà. Ní 1936 àwọn aláró kóra jọ, wọ́n gba lọ́yà, wọ́n kọ̀wé sí ìjọba, títí wọ́n fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ aró lásán-làsàn.

Ẹ̀yin ìyá wa, ojú méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ní. Àwọn tó fòfin dè é ń sọ pé orúkọ àdìrẹ Abẹ́òkúta ń bà jẹ́, òótọ́ sì ni pé bí orúkọ bá bà jẹ́ lọ́jà, tọ̀tún-tòsì ló máa jẹ níbẹ̀, ẹni tó fi eérú ṣe tiẹ̀ àti ẹni tó fi sóódà ṣe é. Àwọn aláró náà ń wá oúnjẹ òòjọ́ nígbà tí owó ọjà ti já, tí iye tí wọ́n ń rí lórí aṣọ kan ò tó san iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ mọ́. Èwo nínú wa ni kò mọ irú ìyẹn? Ọjà wọ́n, ẹni tó ń ta epo pò ó mọ́ omi. Ọjà wọ́n, ẹni tó ń rán báàgì yọ aṣọ inú kúrò. Oníbàárà ra á lẹ́ẹ̀kan, kò padà wá mọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ẹ̀ ni pé tí àwọn obìnrin yẹn bá ti ní ẹgbẹ́ tiwọn ṣáájú, tó ń wo iṣẹ́ ara wọn, tó ń sọ pé "èyí ò dáa tó, má kó o jáde," ọba ì bá má rí ohun fòfin dè. Nígbà tí wàhálà dé tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń para pọ̀.

ẸGBẸ́ ÌRÁNṢỌ TÓ MI ÌLÚ TÌTÌ

Ní ìlú kan náà, ẹgbẹ́ kékeré kan wà tí a mọ̀ sí Abeokuta Ladies' Club. Funmilayo Ransome-Kuti, tó gbé ayé láti 1900 sí 1978, ló ṣaájú wọn. Àwọn obìnrin tó kàwé ni wọ́n, wọ́n ń kọ́ ara wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ ilé. Ní 1944 àwọn obìnrin ọjà wọlé sínú ẹ̀ nítorí pé wọ́n fẹ́ kọ́ ìwé kíkà. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ A, B, D ni wọ́n ń sọ ohun tójú wọn ń rí lọ́jà: owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin láti 1918, ìrẹsì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn láìsan owó tó yẹ. Ẹgbẹ́ náà di Abeokuta Women's Union. Láti 1947 ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ti ń yọ lọ sí ààfin. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké fi orí ìtẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì yẹ owó orí obìnrin náà kúrò. Òótọ́ ni pé Aláké padà lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún fojú di obìnrin ọjà bí tàtẹ̀yìnwá.

Mi ò sọ èyí ká lè lọ yọ ọba kankan nípò o. Mo sọ ọ́ nítorí pé ẹ̀yin náà rí i: inú ẹgbẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwé kíkà ni agbára náà ti jáde.

Ní Ìkẹ́nnẹ́ tiwa níbí, gbogbo wa la mọ ìtàn Màmá Hannah Idowu Dideolu Awolowo, tí wọ́n bí ní 1915, tó sì re ibi àgbà ń rè ní 2015. Nígbà tí Olóyè Obafemi Awolowo wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1944 sí 1946 tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin, òwò ni Màmá fi gbọ́ bùkátà ilé. Nígbà tó yá, ó di gbajúmọ̀ nídìí òwò aṣọ. Wọ́n kì í sọ pé òwò obìnrin jẹ́ eré nígbà tí ilé bá ń jẹun lórí ẹ̀.

ÀWỌN OBÌNRIN ALABAMA

Ẹ jẹ́ kí n mú yín rin ìrìn-àjò díẹ̀, nítorí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tó dìde lórí àkísà gan-an. Ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Gee's Bend. Àwọn èèyàn dúdú ló ń gbé ibẹ̀, àwọn àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà. Òtútù máa ń mú níbẹ̀, owó ò sì sí. Àwọn obìnrin ń tú ṣòkòtò iṣẹ́ tó ti gbó, ẹ̀wù ọkọ tó ti kú, àpò ìyẹ̀fun, wọ́n ń gé e, wọ́n ń ran án pọ̀ di kúbùsù.

Ní 1966, nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń jà fún ẹ̀tọ́ láti dìbò, àwọn obìnrin agbègbè yẹn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Freedom Quilting Bee. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ oko nítorí pé wọ́n forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ẹgbẹ́ náà kó kúbùsù lọ sí New York, wọ́n tà á ní gbàǹjo. Wọ́n fi owó ra ilẹ̀ éékà 23, wọ́n kọ́ ilé ìránṣọ sí i, wọ́n sì ta díẹ̀ nínú ìyókù fún àwọn ìdílé tí wọ́n ti lé jáde. Ní 1972 ilé ìtajà ńlá Sears gba iṣẹ́ fún wọn láti máa rán àwọ̀ ìrọ̀rí. Ní 2002, wọ́n gbé kúbùsù Gee's Bend kọ́ sára ògiri ní ilé ìṣúra ọnà ní Houston, nígbà tó sì di 2006, ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tẹ àwòrán wọn sára sítáǹbù. Ẹgbẹ́ náà ṣe tiẹ̀ títí di 2012.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan méjì. Èkínní, kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan ló gbé wọn débẹ̀. Wọ́n jọ tà ni, wọ́n jọ pamọ́ ni. Èkejì, nígbà tí owó dé, ilẹ̀ ni wọ́n rà.

LÁTI KÁMPÁLÀ DÉ ÌPÀTẸ ÒDE ÒNÍ

Ká padà sílé. Lẹ́yìn wàhálà aró, àdìrẹ rẹlẹ̀. Ó tún jí ní àwọn ọdún 1960. Aṣọ aláwọ̀ mèremère jáde, àwọn èèyàn pè é ní Kámpálà, wọ́n ní inú orúkọ ìpàdé àlàáfíà tí wọ́n ṣe ní ìlú Kampala ní 1968 nígbà ogun abẹ́lé ló ti wá. Àwọn àlejò tó wá ṣiṣẹ́ láti òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í rà á, wọ́n ń fi í rán búláòsì àti gáùn.

Ẹni tó mú iṣẹ́ náà lọ jìnnà jù ni Nike Davies-Okundaye, tí wọ́n bí ní 1951 ní Ògìdì. Ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀ ló ti kọ́ àdìrẹ. Ó dé Òṣogbo, ó sì lọ kọ́ni ní iṣẹ́ aṣọ ní Haystack ní Amẹ́ríkà ní 1974. Ní 1983 ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ láìgbowó. Gbogbo ẹni tó bá ti dé ilé àwòrán rẹ̀ ní Lẹkí l'Ékòó mọ ohun tí mo ń sọ.

Ìpàtẹ náà dé. Ní 1977, FESTAC kó gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà àti àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun wá sí Èkó. Ní ọdún kan náà ni tíréèdì fíà ńlá ti Èkó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ rí i pé ìpàtẹ yàtọ̀ sí ọjà. Ní ọjà Fálàwọ̀ tàbí Sábó ní Ṣágámù, oníbàárà mọ ohun tó fẹ́ rà kó tó kúrò nílé. Ní ìpàtẹ, ó wá wòran ni. Ohun tó máa mú un dúró ni pé kó rí ohun tí kò sí níbòmíràn, kó sì rí ẹni tó ṣe é kó bi í léèrè. Ìtàn tó wà nídìí báàgì yẹn jẹ́ ara ohun tó ń san owó fún.

Ní Accra, láti 2007, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Trashy Bags ń ṣa ọ̀rá piọ wọ́tà, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń rán an di báàgì, àwọn òyìnbó sì ń rà á. Ọ̀rá yẹn kan náà ló ń dí gọ́tà wa. Ní 2020, ìjọba Ògùn tiwa ṣí ọjà àdìrẹ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí aládìrẹ Ìtòkú lè tajà fún ẹni tí kò lè dé Abẹ́òkúta.

Ṣùgbọ́n ọ̀tá tuntun ti dé. Ẹ̀rọ ní China ń tẹ àwòrán àdìrẹ sára aṣọ, wọ́n ń kó o wá, wọ́n ń tà á ní owó pọ́ọ́kú. Aró ò dé ibẹ̀, ikò ò dé ibẹ̀. Àwọn aládìrẹ ń ké gbàjarè. Ẹ̀rọ lè tẹ aṣọ tó dà bí àdìrẹ, ṣùgbọ́n kò lè ran ègé aṣọ ọgbọ̀n tí kò sí méjì tó jọra wọn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣòro fún ẹ̀rọ láti sín jẹ. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wa fi dì í mú.

OHUN TÍ ÌTÀN SỌ FÚN ÀPÒ ẸGBẸ́

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í ṣe àjèjì sí wa. Èésú ti wà kí òyìnbó tó dé, Samuel Johnson sì ti ṣàlàyé ẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ìgbà tí òyìnbó Strickland wá wo ọ̀rọ̀ náà, tó kọ ìròyìn ní 1934, ni wọ́n ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní 1935. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ látìgbà náà ni pé kí ọmọ ẹgbẹ́ má bọ́ sọ́wọ́ olówó èlé. Àwọn aládìrẹ tó gba aṣọ láwìn ní 1920, ohun tí wọn ò ní gan-an nìyẹn.

Bí a bá fẹ́ yá oníṣẹ́ ègé aṣọ lówó, ohun mẹ́rin ni mo rò pé ìtàn ń sọ.

Kìíní: kí a mọ iye tí ohun ń náni. Ègé aṣọ lè jẹ́ ọ̀fẹ́, iṣẹ́ ò lọ́fẹ̀ẹ́. Ká ní síìpù àti aṣọ inú báàgì kan jẹ́ ₦900, òwú àti fóòmù ₦300, ìpín báàgì náà nínú owó ọkọ̀ àti owó tébù ìpàtẹ ₦500. Ó ti di ₦1,700. Bí a bá tà á ní ₦2,500, èrè jẹ́ ₦800. Bí rírán ẹ̀ bá gba wákàtí mẹ́rin, ₦200 ni wákàtí kan. Ẹni tó bá rò pé òun jèrè ₦2,500 nítorí pé àkísà lòun fi rán an, ó ń tan ara ẹ̀. Kí kálukú kọ ọ́ sínú ìwé.

Èkejì: kí ẹ̀yáwó bá iṣẹ́ mu. Olóbì lè san lósù mẹ́ta. Oníṣẹ́ ọwọ́ ń kó ọjà jọ fún oṣù bíi mélòó kan, ó sì ń tà á láàárín ọjọ́ mélòó kan ní ìpàtẹ. Kí ẹ̀yáwó kéré, kí ó ní onídùúró méjì, kí ọjọ́ sísan wà lẹ́yìn ìpàtẹ.

Ẹ̀kẹta: kí a máa wo iṣẹ́ ara wa. Kí àgbà telọ méjì nínú ẹgbẹ́ yẹ ojú ìrán wò kí ẹrù tó kúrò nílé. Báàgì tí ojú ìrán ẹ̀ bá tú lọ́wọ́ oníbàárà, gbogbo Rẹ́mọ ló tú lójú ẹ̀. Ìtàn sóódà nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin: kí a jọ lọ. Tébù kan fún èèyàn márùn-ún dín owó kù fún gbogbo wọn, ó sì ń jẹ́ kí tébù náà kún. Obìnrin Gee's Bend ò lọ sí New York lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti ẹ̀yin àgbà. Àwọn ìyá kan ṣì wà láàárín wa tó mọ bí wọ́n ṣe ń ran alábẹ́rẹ́, tó mọ bí wọ́n ṣe ń sẹ́ omi eérú, tí ìyá wọn hun kíjìpá lójú wọn. Àwọn ọmọ wa mọ máṣíìnì, wọ́n mọ fóònù, wọ́n mọ ibi tí ìpàtẹ wà. Wọn ò mọ èyí tẹ́ ẹ mọ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá lè kọ́ wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi tàbí lọ́dọ̀ akápò kí oṣù yìí tó parí. Ọjọ́ ìsinmi ọjà la ó máa lò, a ò ní gbà yín ní kọ́bọ̀, ẹgbẹ́ ló máa ra abẹ́rẹ́ àti ikò.